Stunnel ẹ̀ka wa ń gba ìwé-ẹ̀rí ayédèrú wọlé, kí la gbàgbé?

Ọmọ Lísàbi, Abẹ́òkúta
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní ẹ̀ka ní Pànṣẹ́kẹ̀ àti Láfẹ́nwá, sáfà wọn sì wà ní Òkè-Ìléwó. Stunnel, ètò tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń gbé àkọsílẹ̀ owó ọmọ ẹgbẹ́ láti ẹ̀ka dé sáfà. Mo fi ìwé-ẹ̀rí (certificate, ohun tí sáfà fi ń fi hàn pé òun gan-an ni) tí mo fọwọ́ ara mi ṣe sórí sáfà ìdánwò, ẹ̀ka sì so mọ́ ọn wẹ́rẹ́, kò bèèrè ohunkóhun. Ohun tó wà nínú fáìlì ẹ̀ka nìyí:

[owo-egbe]
client = yes
accept = 127.0.0.1:5433
connect = safa.example:8443

Ṣé àléébù stunnel ni, àbí tiwa?

Ìyá Sáfà
Tiyín ni. Bí stunnel ṣe rí láti ilẹ̀ nìyẹn: tí ẹ ò bá ní kó yẹ ìwé-ẹ̀rí wò, kò ní yẹ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ yín ń lọ ní bíbò lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń ṣí i lódì kejì. Ẹni tó bá ti yí DNS (ohun tó ń sọ àdírẹ́sì tí orúkọ sáfà ń tọ́ka sí) inú ráútà ẹ̀ka padà lè gba gbogbo ẹ̀, kó kà á tán, kó wá tì í sí sáfà gidi. Owó á wọlé bó ṣe yẹ, ẹnikẹ́ni ò ní fura.

Ẹ fi ìlà mẹ́ta kún un:

CAfile = /etc/stunnel/ca-egbe.pem
verifyChain = yes
checkHost = safa.example

Ìlà kẹta yẹn làwọn èèyàn máa ń fò. Ohun tí verifyChain ń wò ò ju bóyá CA (àjọ tó ń fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí) tí ẹ fọkàn tán ló fọwọ́ sí ìwé náà. Orúkọ tó wà lára ẹ̀ kò kàn án. Tó bá jẹ́ àkójọ CA gbogbo ayé tó bá ẹ̀rọ wá lẹ fi sí CAfile, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní dóméènì kan á gba ìwé-ẹ̀rí ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ Let's Encrypt, stunnel yín á sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. CA tiyín nìkan ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀.

Tí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà CA rárá, ẹ lo verifyPeer = yes, kẹ́ ẹ fi ìwé-ẹ̀rí sáfà gangan sínú CAfile. Ó le dáadáa, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ ìwé náà, gbogbo ẹ̀ka ló gbọ́dọ̀ ti gba tuntun ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ dúró.

Adé_8443
Ẹ má gbà pé ó ti dáa títí ẹ ó fi rí i kó kọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ ṣe ayédèrú tó ní orúkọ gidi:

openssl req -x509 -newkey rsa:2048 -nodes -days 7 -subj "/CN=safa.example" -addext "subjectAltName=DNS:safa.example" -keyout iro.key -out iro.pem

Ẹ gbé e sórí sáfà ìdánwò, kẹ́ ẹ fi debug = 7 sí ti ẹ̀ka. "certificate verify failed" gbọ́dọ̀ hàn nínú log. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ìwé-ẹ̀rí tí CA yín fọwọ́ sí lóòótọ́, àmọ́ tó jẹ́ orúkọ mìíràn ló wà lára ẹ̀. Èyí náà gbọ́dọ̀ kùnà. Bó bá wọlé, checkHost ò ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún openssl s_client, àṣẹ tí wọ́n fi ń dán ìsopọ̀ wò, o. Á sọ fún yín pé ìwé náà ò dáa, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àfi kẹ́ ẹ fi -CAfile, -verify_return_error àti -verify_hostname safa.example sí i.

Ọmọ Lísàbi
Ẹ ṣé gan-an ni. Pànṣẹ́kẹ̀ ti dáa. Láfẹ́nwá kọ ìwé gidi pàápàá: "certificate is not yet valid". Ṣé kí n yọ verifyChain kúrò níbẹ̀ fúngbà díẹ̀?

Ìyá Sáfà
Rárá o! "Fúngbà díẹ̀" yìí ló máa ń di ọdún mẹ́ta. Tẹ date kó o wò ó. Ó jọ pé bátìrì CR2032 orí bọ́ọ̀dù ti kú, kí iná máa lọ, kí aago máa padà sẹ́yìn. Pààrọ̀ bátìrì náà, fi chrony, ètò tó ń tún aago ṣe láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sí i, kí makestep 1.0 3 wà nínú chrony.conf kó lè fo àlàfo ńlá lẹ́ẹ̀kan náà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn.

Ará_Ìbarà
Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Sáfà sọ, àmọ́ sọ́fítíwià fúnra ẹ̀ náà máa ń ṣàṣìṣe. Stunnel tó ṣáájú 5.57 ní CVE-2021-20230 (CVE ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe àléébù ààbò tó ti hàn sí gbangba): tí redirect àti verifyChain bá jọ wà pa pọ̀, kì í yẹ ìwé-ẹ̀rí oníbàárà wò bó ṣe yẹ. Ti strongSwan (ètò VPN) 5.9.8 àti 5.9.9 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, CVE-2023-26463: nínú EAP-TLS (ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi ìwé-ẹ̀rí wọlé) àtàwọn ẹbí ẹ̀, ó ń lo kọ́kọ́rọ́ inú ìwé tí kò tíì yẹ̀ wò yanjú; 5.9.10 ló tún un ṣe. Nínú GnuTLS, àkójọ kóòdù TLS mìíràn, lọ́dún 2014, iye tí iṣẹ́ abẹ́nú dá padà pé "àṣìṣe wà" ni kóòdù tó pè é kà sí "bẹ́ẹ̀ ni".

Ẹ má fi nọ́ńbà nìkan ṣèdájọ́ lórí Debian tàbí Ubuntu, torí wọ́n máa ń mú àtúnṣe wá sínú ẹ̀yà àtijọ́ láì yí nọ́ńbà yẹn padà. Ẹ tẹ apt changelog stunnel4, kẹ́ ẹ wá CVE náà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ OpenVPN, ètò VPN mìíràn, lẹ fẹ́ bọ́ sí lọ́la, remote-cert-tls server ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sí ti ẹ̀ka, pẹ̀lú verify-x509-name. CA kan náà ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀ka àti ti sáfà, nítorí náà láìsí wọn, láptọ́ọ̀pù ẹ̀ka kan tó bá sọnù lè pe ara ẹ̀ ní sáfà.