Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá páwà báǹkì mi pé 20,000mAh lóòótọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Mo ra páwà báǹkì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri létí títì ní Kubwa, 20,000mAh (ìyẹn bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó) ni wọ́n kọ sí i lára gàdàgbà. Kò ṣájì fóònù mi, tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000mAh, ju ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀ lọ tó fi kú. (Ó tiẹ̀ fúyẹ́ jù lọ́wọ́ mi.) Mo mọ̀ pé 3.7V ni wọ́n fi ń ka mAh bátìrì inú rẹ̀, tó bá di 5V tó ń gba ojú USB jáde, kò lè ju 14,800mAh lọ, ooru á sì tún jẹ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìṣirò yẹn ò gbè é.

Mo ti wá ra míità USB kékeré tó ń ka iná tó ń jáde. Ṣé fóònù ni kí n fi fa iná rẹ̀ tán ni, àbí gílóòbù USB? Ṣé mAh ni kí n wò, àbí Wh (tó ń ka V mọ́ ọn)?