Géèmù tó ń já èèyàn láyà lórí fóònù: kí lojú yín ti rí?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. A ti sọ ti bọ́ọ̀lù tán láàárọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ti géèmù tó ń kó jìnnìjìnnì báni. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ tèmi.

Granny ni, èyí tí DVloper gbé jáde lọ́dún 2017. Wọ́n á tì yín mọ́lé pẹ̀lú ìyá arúgbó kan tí ẹyinjú rẹ̀ funfun, tó mú kóńdó dání. Ọjọ́ 5 lẹ ní láti wá kọ́kọ́rọ́, òòlù, ẹ̀mú àtàwọn nǹkan míì tẹ́ ẹ ó fi ṣílẹ̀kùn jáde. Tó bá ti fi kóńdó yẹn là yín mọ́lẹ̀, ọjọ́ kan lọ nìyẹn. Ojú rẹ̀ ò bà mí lẹ́rù tó etí rẹ̀. Kò sóhun tí ò gbọ́. Jẹ́ kí òòlù bọ́ lọ́wọ́ ẹ lókè, á ti ìsàlẹ̀ gbọ́, á sì máa bọ̀ kíákíá.

Lóru ọjọ́ kan, gbogbo ilé ti sùn. Mo nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé fóònù sókè ojú mi, íápíìsì wà létí. Nínú géèmù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo sá sí. Ó wọlé. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbì, gbì, ó dúró. Ẹ̀yin ará, èmi tí mo wà nílé bàbá mi ni mi ò mí o! Bí ẹni pé ìyá yẹn lè ti inú fóònù gbọ́ èémí mi. Ó jáde. Mo yọ́ jáde, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń fi àtàǹpàkò rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Pátákó kan han lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kí n tó yíjú, ó ti dé! Mo ké, fóònù bọ́, ó bá mi nímú gbàù. Granny lù mí, fóònù náà lù mí.

Ó yá, ẹni tó kàn.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o, Ọmọ Mọ́kọ́lá, Ọlọ́run á wo imú sàn. Èmi ò gbá a, àwọn ọmọ mi ló ń gbá a lórí fóònù mi. Màmá wa wá kí wa láti Ìjẹ̀bú nígbà ìsinmi. NẸ́PÀ ti mú iná lọ, àwọn méjèèjì ká mọ́ra lórí àga, wọ́n dojú bo fóònù. Màmá jí, wọ́n fẹ́ mumi, wọ́n ń wọ́ sílípáàsì bọ̀ nínú òkùnkùn, ṣùẹ̀, ṣùẹ̀. Aṣọ àwọ̀sùn funfun ló sì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n kàn fọwọ́ kan Táyé léjìká pé, "Ẹ̀yin ò tíì sùn?" Àfi yéè! Kẹ́hìndé ti wọ abẹ́ àga. Aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn pé ṣé olè ni.

Nígbà tára rọlẹ̀, Màmá ní kí wọ́n fi nǹkan ọ̀hún han òun. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ìyá arúgbó náà lẹ wá sọ di iwin? Àwa la wẹ̀ yín, àwa la pọ̀n yín, àwa náà lẹ tún ń sá fún." Mo gbè sẹ́yìn Màmá. Kí ló dé tó jẹ́ àgbà obìnrin ni wọ́n máa ń fi dẹ́rù bọmọ?

Ẹ̀ṣọ́ Òru: Ẹ ṣeun mà. Iṣẹ́ mẹ́gáàdì ni mò ń ṣe, ẹ wá wo orí burúkú tó ní kí n lọ gbá Five Nights at Freddy's lẹ́nu iṣẹ́. Scott Cawthon ló ṣe é. Ọdún 2014 ló jáde lórí kọ̀ǹpútà, ọdún yẹn náà ló dé orí Android. Mẹ́gáàdì lẹ jẹ́ nínú ẹ̀, ní ilé písà táwọn ọmọdé ti ń ṣe fàájì, láti agogo 12 òru sí 6 àárọ̀. Àwọn ẹranko ẹlẹ́rọ tó ń kọrin fọ́mọ lọ́sàn-án á wá máa rìn lóru. Bonnie, ehoro, ọwọ́ òsì ló ń gbà wọlé. Chica, adìyẹ, ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dìde lórí ìjókòó. Kámẹ́rà, iná àti ilẹ̀kùn méjì lẹ ní, gbogbo wọn ló sì ń jẹ iná mànàmáná. Tó bá tán kílẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ ó wá rí ojú Freddy, béárì inú wọn, tó ń tàn lẹ́nu ọ̀nà, orin ń dún. Ṣé ọmọ Nàìjíríà lẹ fẹ́ fi àìsíná dẹ́rù bà? Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ fún mi. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín ò wá.

Kámẹ́rà ilé ìdáná ló burú jù. Kì í fi àwòrán hàn, ohùn nìkan ló ń gbé wá. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ ìkòkò tó ń kanra wọn, Chica wà níbẹ̀ nìyẹn, ẹ lè mí díẹ̀. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni wàhálà dé. Lọ́jọ́ yẹn ó dákẹ́, mo sáré tẹ bọ́tìnnì ilẹ̀kùn ọ̀tún, kò dáhùn. Ẹni tó bá ti gbá a mọ̀tumọ̀ ìyẹn: ó ti wà nínú yàrá pẹ̀lú mi. Mo gbé kámẹ́rà sókè, mo kọ̀, mi ò gbé e sílẹ̀, nítorí mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó bá mi fipá gbé e sílẹ̀. Ẹnì kejì mi sáré wá láti géètì ẹ̀yìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó rò pé wọ́n ti wọlé wá bá mi.

Owó iṣẹ́ inú géèmù náà ńkọ́? Dọ́là 120 fún òru 5.

Akínkanjú: Ojo ni gbogbo yín. Èmi máa ń pa ohùn ẹ̀ ni. Tí ò bá ti sí ariwo, ojú lásán ni.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá pa ohùn, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tíyá náà wà? Ohùn yẹn ló ń pa wá, òun náà ló ń yọ wá. Èmi máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìkòkò òdòdó nù kó lè sáré lọ síbẹ̀, kémi sì gba ibòmíì lọ. Ṣé ẹ ti jáde nílé yẹn rí?

Akínkanjú: Ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Ẹ̀ṣọ́ Òru: Háà! Ó dáa. Granny: Chapter Two tó jáde lọ́dún 2019 ńkọ́? Bàbá arúgbó wà nínú ìyẹn. Etí ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ìbọn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ta ló ti gbá a?

Ìyá Ìbejì: Bàbá ti wọ̀ ọ́? Ẹ jẹ́ kí n pe Màmá ní Ìjẹ̀bú. Inú wọn á dùn.