Kuzushi kì í ṣe ìbìṣubú: mo dábàá “ìmúnifì”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹnìkan nínú wa bèèrè ohun tí a lè máa pe kuzushi ní Yorùbá, ìyẹn ni bí oníjúdò ṣe ń mú kí alátakò rẹ̀ má lè dúró dáadáa mọ́ kó tó dá a, torí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní júdò, kò sì fẹ́ máa da èdè Jàpáànù bò wọ́n. Ìdáhùn mẹ́ta ló ti wọlé: ìbìṣubú, ìdàrú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti ìyẹ̀nilẹ́sẹ̀. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń ṣe júdò. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn, n kò lè dákẹ́.

Ìbìṣubú dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ibi tí kuzushi parí sí ni òun ti bẹ̀rẹ̀. Kano Jigoro, ẹni tó dá júdò sílẹ̀ ní Tókyò ní 1882, pín dídá ènìyàn lulẹ̀ sí mẹ́ta. Kuzushi ló ṣíwájú. Tsukuri tẹ̀ lé e, ìyẹn ni pé kí o gbé ara rẹ sí ibi tó yẹ. Kake ló kẹ́yìn, ìyẹn dídá gan-an. A ti ní ọ̀rọ̀ fún dídá tipẹ́. Ṣebí a máa ń sọ pé bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Tí a bá wá pe kuzushi ní ìbìṣubú, orúkọ àbígbẹ̀yìn la fún àkọ́bí. Ọmọ tó bá gbọ́ “bì í ṣubú” á kó gbogbo agbára rẹ̀ ti ẹni tó wúwo jù ú lọ, onítọ̀hún á sì kàn dúró máa wò ó.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọtí àti ìwà ni. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Kuzusu ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní òkè lórí, bí ìgbà tí òkè bá ya lulẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn á fi ní “wó” ló yẹ ká lò, bí ilé ṣe ń wó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n tún ti ń lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ́ owó ńlá sí wẹ́wẹ́, kuzusu ló ń ṣe. Ẹni tó kúnlẹ̀ jókòó lé gìgísẹ̀, tó wá fẹ́ tú ẹsẹ̀ ká díẹ̀ kí ara lè tù ú, kuzusu náà ni. Bí ojú ọjọ́ tó mọ́ kedere bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kuzureru ni wọ́n á pè é, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kò sí èyí tó wó nínú wọn. Ohun tó tò dáadáa ló kúrò létò.

Fì ni mo rí tó sún mọ́ ọn jù. Ní kékeré wa, tí a bá pọn omi, òṣùká á wà lórí, garawa á wà lórí òṣùká. Tí òṣùká bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, garawa á fì. Omi kò tíì dà o. Ọrùn á le gbagidi, ẹsẹ̀ kan á yára yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti gba ẹrù náà sílẹ̀, ojú kò sì ní rí nǹkan mìíràn mọ́. Tí ẹnìkan bá fi ìka kan ṣoṣo kàn ọ́ lásìkò yẹn, omi ti dà. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni kuzushi.

Ìwúwo ènìyàn máa ń bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Tó bá ti kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, tàbí tó ti padà kọjá gìgísẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ tàbí kó ṣubú ló kù. Nínú o soto gari, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí à ń gbà dá ènìyàn nínú júdò, wàá fa apá aṣọ alátakò rẹ wálẹ̀, wàá fi ọwọ́ kejì ti ọrùn aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn, títí gbogbo ara rẹ̀ á fi jókòó sórí gìgísẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ yẹn lo máa gbá. Kò lè gbé e sá, torí gbogbo ẹrù ti wà lórí rẹ̀.

Ìyẹ̀nilẹ́sẹ̀ wù mí, èmi ì bá sì fi í pe de ashi barai, níbi tí a ti ń gbá ẹsẹ̀ bó ṣe fẹ́ gba ìwúwo gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n kuzushi lè bẹ̀rẹ̀ láti ìgúnpá. Ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ni alátakò rẹ ń tì ọ́, tí o kàn yẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ara rẹ̀ fì.

Ìmúnifì ni mo dábàá, bí a ṣe ní ìmúnisìn. Ó ṣeé pariwo létí pápá: “Mú un fì! Mú un fì kí o tó dá a!” Ó sì gba gbogbo ìhà mẹ́jọ tí wọ́n ń kọ́ni: fì síwájú, fì sẹ́yìn, fì sọ́tùn-ún, fì sósì, àti igun mẹ́rin tó wà láàárín wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. A tún ń fi fì sọ̀rọ̀ ohun tó ń lọ síwá sẹ́yìn, bí apá ṣe ń fì tí ènìyàn bá ń rìn. Ọmọ lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gbọ́ ẹnu àwọn àgbà tó ń ru ẹrù lọ sọ́jà, kí ni wọ́n ń pe ẹrù tó bá ń tẹ̀ sí apá kan lọ́dọ̀ yín?