Owó ìfiránṣẹ́ fẹ́ gbé ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta bitcoin mi lọ

Aránṣọ Mushin béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń ránṣọ ní Mushin. Bí oníbàárà bá ti sanwó tó jọjú, mo máa ń yọ díẹ̀ níbẹ̀ ra bitcoin, bí ẹni ń sọ owó sínú kóló. Ìgbà 12 ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, 20,000 satoshi (ẹyọ tó kéré jù lọ nínú bitcoin) ni mo sì ń rà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 240,000 nínú wọ́lẹ̀ẹ̀tì orí fóònù mi. Lálẹ́ àná, mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú wọ́lẹ̀ẹ̀tì tuntun, ni wọ́n bá ní kí n san 91,000. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta fóònù ní Ìkẹjà fi èyí tó tó ìlọ́po ogún tèmi ránṣẹ́ ní alẹ́ kan náà, kò sì san tó 10,000. Ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà fèsì:
Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ yín jẹ. Ẹ wo alábàárù ní Ìdúmọ̀tà níbí: ìbáà jẹ́ léèsì olówó gọbọi ni ẹ dì sínú ẹrù, ìbáà jẹ́ àkísà, bí ẹrù bá ṣe tóbi tó ni yóò fi bu owó lé yín. Báìtì, ìyẹn òṣùwọ̀n bí àkọsílẹ̀ ṣe gùn tó lórí kọ̀ǹpútà, ni bitcoin fi ń wọn ẹrù tirẹ̀, kò bìkítà fún iye tó wà nínú rẹ̀. Kì í sì í da owó pọ̀ sójú kan bí báńkì ti ń ṣe. Ìgbà 12 tí owó wọlé fún yín, ìdì 12 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jókòó síbẹ̀. Bí àdírẹ́sì yín bá fi 1 bẹ̀rẹ̀, ìdì kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi báìtì 148. Ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi ti ibi tí owó ń lọ kún un, yóò tó 1,820. Bó bá jẹ́ satoshi 50 ni wọ́n ń gbà lórí báìtì kan lálẹ́ àná, 91,000 yín náà nìyẹn. Ìdì kan ṣoṣo ni ti ẹ̀gbọ́n yín, mo lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ dúró di ìgbà tí èrò bá dín, ọjọ́ Àìkú sábà máa ń dára. Àdírẹ́sì tó fi bc1 bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi gbà á, nítorí ìdì kan níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi 68 lọ nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ná an.

Ará Yábàá fèsì:
Àlàyé ẹrù yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ku ìdí tí owó ẹrù fi ń ga. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni blọ́ọ̀kù kan, ìyẹn ojú ìwé tí wọ́n ń kọ àwọn ìfiránṣẹ́ sí, ń jáde. Satoshi Nakamoto, ẹni tó dá bitcoin sílẹ̀, fi òdiwọ̀n mẹ́gábáìtì 1 sí i ní 2010, tí kò jẹ́ kí ó lè gbà ju nǹkan bí ìfiránṣẹ́ 7 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà náà. Bí danfo kò bá pọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba nírọ̀lẹ́, ẹni tó bá fi owó lé owó ni awakọ̀ yóò gbé. Ní oṣù Kejìlá 2017, ìpíndọ́gba owó ìfiránṣẹ́ kọjá dọ́là 50. Àwọn kan ní kí wọ́n fẹ blọ́ọ̀kù; ìjà yẹn ló bí Bitcoin Cash, owó mìíràn tó ya kúrò lára bitcoin, ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, tí òdiwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 8 nígbà náà. Àwọn yòókù ní bó bá tóbi jù, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lásán nílé kò ní lè yẹ gbogbo àkọsílẹ̀ wò fúnra rẹ̀ mọ́, wọ́n sì gba SegWit, àtúnṣe kan sí ètò bitcoin, tó mú kí ẹrù fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà ń dun èmi pẹ̀lú.

Ẹnì kan yóò ní kí ẹ lọ lo Lightning, ètò ìsanwó tí wọ́n kọ́ lé orí bitcoin. Ó dára fún ìnáwó kéékèèké, àmọ́ kí ẹ tó ṣí ojú ọ̀nà tiyín níbẹ̀, orí bitcoin gan-an ni ẹ ó ti kọ́kọ́ sanwó.

Aránṣọ Mushin fèsì:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo dúró di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ti wálẹ̀ sí satoshi 4 lórí báìtì kan. 7,280 ni mo san, ó sì ti di ìdì kan lórí bc1. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè: lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ra tirẹ̀.