Ẹ gbà mí o, àwọn ìyá alájọ ní mo gbé owó àwọn mì

Onídàámú Kubwa: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni olórí àjọ àwọn ìyá kan tó ń tajà ní ọjà Dutse Alhaji. Inú ìwé ńlá kan tí etí ẹ̀ ti ya ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn gbé e sórí wẹ́ẹ́bù, kí kálukú lè máa wo owó ẹ̀ lórí fóònù. Ibi tí mo ti sanwó kọ́ṣẹ́, HTML, bí ojú ìwé wẹ́ẹ́bù ṣe máa rí, ni wọ́n fi gbogbo àsìkò kọ́ wa. Nígbà tó kan database, ibi tí app ń kó àkọsílẹ̀ sí, olùkọ́ ní ká lọ wo fídíò. Òru ni iná máa ń dé ní àdúgbò wa, ìgbà yẹn ni mo ń jí ṣiṣẹ́. Lańdílọ́ọ̀dù ò sì fẹ́ gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ohun tí app ń sọ ò bá ìwé mu. Ìyá aláta kan dìde láàárín ìpàdé, ó ní mo ti gbé owó òun mì. Èmi tí mi ò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ wọn! Ìyàwó mi ò tiẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ẹnì kan ní relationship àwọn table mi, ìyẹn bí mo ṣe so àwọn àtẹ inú database pọ̀, ni kò dáa. Báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó gan-an?

Bàbá Kóòdù Lugbe: A ti gbọ́ ti iná, a ti gbọ́ ti lańdílọ́ọ̀dù. Kí lẹ fi kọ app yìí? Ẹ gbé models yín, ibi tẹ́ ẹ kọ bí àwọn table ṣe rí, síbí ká rí i.

Àǹtí Gwarinpa: Bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ kí i ná, ṣé ẹ ò rí i pé ara ń ni ín ni? Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá mi. Ó ṣe èmi náà rí. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Kaduna ni mo ṣe tèmi fún. Mo pa orúkọ oníbàárà kan rẹ́, gbogbo ohun tó ti rà látẹ̀yìn bá a lọ ráúráú. CASCADE ni mo kọ síbi on_delete, ibi tá a ti ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tá a bá pa nǹkan rẹ́, torí ohun tí mo rí nínú fídíò nìyẹn. Ibi tí owó bá wà, PROTECT ni kẹ́ ẹ lò. Tí owó ẹnì kan bá wà nílẹ̀, Django, tó bá jẹ́ irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fi kọ app yín nìyẹn, ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ pa orúkọ ẹ̀ rẹ́.

Lọ́yà Akọ́dù: PROTECT ni o, bí àǹtí ṣe wí. Tó bá jẹ́ FloatField lẹ fi owó sí, ẹ yí i sí DecimalField, tó ń kọ iye bó ṣe rí gan-an. Nínú float, 0.1 + 0.2 kì í jẹ́ 0.3 géérégé.

Onídàámú Kubwa: Django ni, SQLite ni database tó wà nídìí ẹ̀. Mi ò pa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́. DecimalField ni mo sì lò, kì í ṣe pé mi ò mọ nǹkan kan rárá. Òun nìyí:

```
class Iya(models.Model):
    oruko = models.CharField(max_length=100)
    ti_ko = models.BooleanField(default=False)

class Ajo(models.Model):
    iye = models.DecimalField(max_digits=10, decimal_places=2)
    awon_iya = models.ManyToManyField(Iya)

class Isanwo(models.Model):
    iya = models.ForeignKey(Iya, on_delete=models.CASCADE)
    ajo = models.ForeignKey(Ajo, on_delete=models.CASCADE)
    ojo = models.DateField()
```

Àǹtí Gwarinpa: CASCADE nìyẹn! Mo sọ bí?

Alàgbà Zuba: Ẹ̀yin ọmọ òde òní, irinṣẹ́ lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ìdí iṣẹ́. Láti 1970 ni Codd, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ti gbé ọ̀nà table yìí kalẹ̀ ní IBM. Mú bébà, kí o yà á síbẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Excel ni mo fi ń ṣe ti ẹgbẹ́ ìlú wa, ẹnikẹ́ni ò bá mi jà rí.

Ọmọ Ìlọrin ní Nyanya: Excel tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣí i, ta ló fẹ́ bá yín jà? Tèmi ni pé kó gba Laravel lọ, irinṣẹ́ míì bíi Django.

Bàbá Kóòdù Lugbe: Laravel á wá ṣe kí ni? belongsToMany ibẹ̀ àti ManyToMany ibí, ìdí kan náà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀. Onídàámú, ìyá kan lè wà nínú àjọ púpọ̀, àjọ kan sì lè ní ìyá púpọ̀, ManyToMany yín bọ́gbọ́n mu níbi tẹ́ ẹ bá a dé. Àmọ́ kí ni ti_ko ń wá lórí Iya? Ẹni tó bá ti kó àjọ kan, app á ní ó ti kó gbogbo ẹ̀. Ẹ sì sọ iye tó ń yapa fún wa.

Onídàámú Kubwa: Àjọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá, torí ẹ̀ ni mo ṣe fi ti_ko síbẹ̀. ₦5,000 lọ́sẹ̀. Ìyá mẹ́wàá ni wọ́n, app ní ₦50,000, ìwé ní ₦60,000. Mo tún fi ìyá aláta wọlé lẹ́ẹ̀kejì, app ò kọ̀ ọ́, síbẹ̀ ₦50,000 náà ló ń gbé jáde. Ẹ̀rọ yìí kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Bàbá Kóòdù Lugbe: Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fi ìyá kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì?

Onídàámú Kubwa: Ọwọ́ méjì ló ń dá. Ìyá alágbo náà ń dá méjì. Ó ti kó ọ̀kan, ìyá aláta ni mò ń wí, ló bá ní app kọ ọ́ pé òun ti kó tán. Ṣé ìyẹn kàn án ni?

Àǹtí Gwarinpa: Háà! Àtàárọ̀!

Ọmọ Ìlọrin ní Nyanya: 😂😂 Mo ti kó Laravel mi kúrò ńlẹ̀ o.

Bàbá Kóòdù Lugbe: Ibẹ̀ gan-an ni. Table tí Django ń dá ṣe fún ManyToMany kì í gba ìyá kan náà lẹ́ẹ̀mejì sínú àjọ kan náà. Tẹ́ ẹ bá tún fi add() sí i, á kàn dákẹ́ ni, kò ní bú, kò sì ní kọ nǹkan kan. Kì í ṣe ìyá ló ń dá àjọ nínú ìwé ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín, ọwọ́ ni. Ẹ ṣe model kan sáàárín, ẹ pè é ní Ipin: ForeignKey (ìtọ́ka sí table míì) sí Iya, ForeignKey sí Ajo, nọ́ńbà tí wọ́n fi máa kó, àti ti_ko. Ìyá aláta á wá ní Ipin méjì, ọ̀kan ti kó, ọ̀kan ò tíì kó. Ipin ni kí Isanwo máa tọ́ka sí, kó má tọ́ka sí Iya àti Ajo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Ẹ fi UniqueConstraint so àjọ mọ́ nọ́ńbà, kí ẹni méjì má baà bá ara wọn lórí nọ́ńbà kan.

Ẹ má fi through, tó ń sọ model tó wà láàárín, kún awon_iya tó ti wà nílẹ̀ o, migrate, àṣẹ tó ń yí àwọn table padà, á kọ̀ ọ́ fún yín. Ẹ dá Ipin sílẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ kó àwọn orúkọ sí i, ẹ fi ipin sínú Isanwo pẹ̀lú null=True kó lè ṣófo ná, ẹ kún un tán, kẹ́ ẹ tó yọ àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà db.sqlite3 síbòmíràn ná, fáìlì kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà.

Onídàámú Kubwa: Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ìyá aláta ń san ₦10,000 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń tẹ̀ ẹ́ pé ó san. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá ńkọ́?

Lọ́yà Akọ́dù: Isanwo kejì lẹ máa fi kún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sí Ipin ẹ̀ kejì. Ìyá alágbo náà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má dá a ṣe nínú ilé. Ẹ gbé ìwé ọ̀hún lọ sọ́jà, kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín máa kà á ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ìyá aláta fúnra ẹ̀ jókòó tì yín bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Onídàámú Kubwa: Kí n tún padà sọ́dọ̀ obìnrin yẹn?

Àǹtí Gwarinpa: Ẹ mú ìyàwó yín dání. Kẹ́ ẹ sì yí CASCADE yẹn kẹ́ ẹ tó jáde nílé.