Praímà míì ni mo rí rà, ṣé kí n kàn fi rọ́pò?

ỌmọÌjẹ̀bú_Texas:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àtijọ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, Texas ni mo wà báyìí, ohun tí mo sì fi ń najú lọ́jọ́ Sátidé ni kí n máa di ọta ìbọn fúnra mi (wọ́n fàyè gbà á níbí o, kẹ́nikẹ́ni má pe ọlọ́pàá sí mi), kí n lọ pápá lọ yìn ín sí páálí tó jìnnà. .308 ni ìwọ̀n ọta tí ìbọn mi ń yìn. Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, CCI 200 ni praímà (ohun kékeré ìdí ọta tó ń tan iná sí ẹ̀tù) tí mò ń lò, kò yọ mí lẹ́nu rárá dé 600 yáàdì, àmọ́ tó bá ti di 800 ọta á bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ sókè sísàlẹ̀, ọ̀tún òsì ò níṣòro. Wàyí o, praímà tán nílé, mo dé ṣọ́ọ̀bù, CCI 250 nìkan ló kù, èyí tí wọ́n ń pè ní mágínọ́ọ̀mù, mo bá ra páálí kan, mo tún ra kéèsì tuntun Lapua (èèpo idẹ tí ẹ̀tù àti praímà ń wọ̀) mọ́ ọn torí wọ́n dín owó ẹ̀ kù (ẹ ṣáà mọ̀ wá). Ọ̀rẹ́ mi kan ní pápá ní kí n kàn fi rọ́pò, pé iná ni gbogbo iná. Ṣé òótọ́ ni? Àbí kí n dúró de praímà match tí wọ́n ní ó máa ń kó ọta jọ sójú kan?

Ọdẹ_ÌjẹbúIgbó:
Àbúrò, ṣakabùlà ni tèmi, mi ò mọ 200 mi ò mọ 250. Ṣùgbọ́n ta ló ní iná ni gbogbo iná? Lọ bi ẹni tó ń se ìkọ́kọrẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, tó o bá fà á tí ò dún, má tètè ṣí i o. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba tí àwọn ọmọ Balógun bá ń yìnbọn, wà á rí ẹni tí tiẹ̀ ò dún, á wá gbé e sójú á máa wò ó! Iná lè ṣì máa rìn lọ síbi ẹ̀tù. Kọ ẹnu ìbọn síbi tí ò sí èèyàn, kó o kà tó 30 ó kéré tán.

Ṣàgámù_Calgary:
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ìwọ Texas, ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ ṣì ẹ́ lọ́nà o. Iná mágínọ́ọ̀mù gbóná jù, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ jù, tó bá jẹ́ pé ẹ̀tù tó ò ń wọ̀n tẹ́lẹ̀ ti sún mọ́ òpin tí ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀tù kọ, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹni tó bá pààrọ̀ praímà, kódà kó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló yàtọ̀, kó padà sísàlẹ̀ ni, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwé ní kó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Èmi ń lo mágínọ́ọ̀mù torí .300 Winchester Magnum ni mo ní, ẹ̀tù tó ń gbé pọ̀, òtútù ibí sì kì í jẹ́ kí ẹ̀tù tètè gbiná. Ìwọ ń yin .308 ní Texas tí oòrùn ń yan èèyàn bí àgbàdo, kí lo fẹ́ fi ṣe?

Ti 800 yẹn, má tíì di gbogbo ẹ̀bi ru praímà. Ọta tó ń lọ sókè sísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eré wọn ni ò dọ́gba, ní 100 yáàdì o ò ní mọ̀, ibi tó jìnnà ló ń tú àṣírí. Wá ẹ̀rọ tó ń ka eré ọta, yin mẹ́wàá, kó o wo bí èyí tó yára jù ṣe fi ju èyí tó lọ́ra jù lọ. Praímà match bíi CCI BR-2 tàbí Federal 210M lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ tí òṣùwọ̀n tó o fi ń wọn ẹ̀tù bá ń purọ́, tàbí tí ọrùn kéèsì kan di ọta mú ju èkejì lọ, owó lo fi ṣòfò. Rí i pé praímà wọlé dé ìsàlẹ̀, kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìdí kéèsì. Má sì dà wọ́n sínú ìgò o!! Nínú páálí tí wọ́n bá wá ni kó o fi wọ́n sí, tí ọ̀kan bá yìn nínú ìgò, gbogbo wọn ló máa bá a lọ.

Ìbéèrè kan: Lapua wo lo rà? Ihò praímà ńlá ni àbí kékeré?

Ìyá_Ìkẹ́nnẹ́:
Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, mo kàn fẹ́ sọ pé tó o bá ń bọ̀ wá Iléyá, fi gbogbo ẹ̀ síbẹ̀ o. Òfin ìbọn ti 1959 ṣì wà ńlẹ̀ níbí, kò sáyè kéèyàn máa ṣe ọta ní yàrá.

ỌmọÌjẹ̀bú_Texas:
Mo gbọ́ mà, ẹsẹ̀ nìkan ni màá kó bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Calgary, ìbéèrè yín yẹn ló mú mi dìde lóru. Palma ni wọ́n kọ sídìí kéèsì ọ̀hún, ihò kékeré ni, 0.175 ínǹṣì, praímà tí mo rà sì jẹ́ 0.210. Mo gbé ọ̀kan lé e, ó kàn jókòó sókè níbẹ̀ bíi fìlà bàbá lórí ọmọ. Ẹni tó bá wà nítòsí Dallas tó ń lo .300, páálí odidi wà nílẹ̀ o, iye tí mo rà á ni màá gbà, mi ò ní dín kọ́bọ̀.