Ṣé fọ́tò dúróònù tó láti fi gba ìwé ilẹ̀ ẹbí ní Òṣogbo?

ỌmọÒkèBaálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀. Oko ẹbí kan wà lójú ọ̀nà Ìkìrun, ìgboro Òṣogbo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀ tán. Ó tó héktà 18. Ìdí igi mẹ́rin ló ni ín, kò sì sí ìwé kankan lórí rẹ̀ rí. Odò kékeré kan ni ààlà lápá kan, ipa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lápá kejì, pèrègún ni wọ́n fi pààlà níbi tó kù. Kòkó àti ọ̀pẹ bo ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí ti rí ẹni tó ní dúróònù. Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi ya fọ́tò ilẹ̀ náà láti òkè, ká sì gbé e lọ sí Abẹ́rẹ́, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, láti fi gba ìwé. Àwọn àgbà ní àfi kí awọnlẹ̀ lànà yí gbogbo ilẹ̀ ká. Èwo ni ká ṣe? Kí ló sì yẹ ká ti parí kí dúróònù tó gbéra?

Awọnlẹ̀_Òkèfìà

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àti ti ọmọ ẹbí yẹn kò ta kora, ètò rẹ̀ ló kù. Fọ́tò kì í ṣe ìwé sọ́fè. Ohun tí ọ́fíìsì ń gbà ni àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ awọnlẹ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nípamọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà àwọn awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀. Awọnlẹ̀ náà lè lo dúróònù, yóò sì dín igbó tí ẹ máa ṣán kù gan-an, ṣùgbọ́n òun ló máa dáhùn fún igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má jẹ́ kó fò kí ẹ tó rin ààlà. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Kí aṣojú ìdí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ pààlà rìn ín pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Níbi tí ààlà bá ti yà, ẹ ri igi mọ́lẹ̀, ẹ ro ìdí rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì tẹ́ nǹkan funfun tó hàn síbẹ̀. Pèrègún tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé yẹn, láti òkè kò yàtọ̀ sí igbó yòókù. Ẹni tó ń wo kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ pé ààlà ni bí ẹ kò bá sàmì sí i.

Lẹ́yìn náà ni awọnlẹ̀ máa tẹ́ àmì tirẹ̀, ti dúdú àti funfun, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 níbùú lóròó. Fún héktà 18, kó má dín ní márùn-ún: mẹ́rin nítòsí àwọn igun, ọ̀kan láàárín. Kó tún fi mẹ́ta sí i tí kò ní lò fún títo fọ́tò, tó jẹ́ pé àyẹ̀wò nìkan ló máa fi wọ́n ṣe. Ẹ̀rọ GPS àwọn awọnlẹ̀ ló máa fi wọn gbogbo wọn, kì í ṣe ti fóònù.

Tó bá fò ní mítà 100 pẹ̀lú kámẹ́rà 20 megapixel irú èyí tó wọ́pọ̀, tóótòòtó kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fọ́tò (pixel) máa dúró fún nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.7 lórí ilẹ̀. Kí fọ́tò kan gun èyí tó tẹ̀ lé e ní ìdá 80 nínú 100, kí ìlà kan sì gun ìkejì ní ìdá 70. Ìyẹn máa mú bíi fọ́tò 250 sí 300 wá. Bátìrì méjì tó o.

Tí wọ́n bá fò láìsí àmì ilẹ̀, GPS inú dúróònù lásán lè fi mítà mẹ́ta sí márùn-ún sọnù, àwòrán náà sì lè tẹ̀ kọdọrọ létí. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: lórí ààlà tó gùn ní mítà 400, àṣìṣe mítà 4 ti di mítà onígun-mẹ́rin 1,600. Pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120 méjì ti lọ, ó sì tún ṣẹ́kù.

Àṣìṣe kan tún wà tó máa ń fa ìjà. Ètò tí wọ́n fi ń sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ ayé kì í ṣe ọ̀kan: èyí tí wọ́n ń pè ní WGS84 ni dúróònù ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní Minna ni àwọn àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ wa ń lò, ní agbègbè 31 nínú ìpín ayé tí wọ́n ń pè ní UTM. Tí ẹni tó ń ṣe é kò bá yí i padà, ilẹ̀ yín máa sún ju mítà 50 lọ lórí àwòrán, yóò sì gun orí ilẹ̀ ẹlòmíì. Ẹ bi í ní tààrà pé èwo ló lò, kó sì kọ ọ́ sára ìwé.

Ní ti kòkó, ewé nìkan ni fọ́tò máa rí. Atẹ́gùn ń mi ewé, kọ̀ǹpútà kò sì ní rí ojú kan náà mú nínú fọ́tò méjì, ibẹ̀ máa wú tàbí kó dá ihò. Kó fò sókè díẹ̀ sí i níbẹ̀, kó gbé ìdá 80 lọ sí 85, ṣùgbọ́n ààlà abẹ́ kòkó fúnra rẹ̀, àfi kí wọ́n lànà kí wọ́n sì fi total station, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí awọnlẹ̀ fi ń wọn igun àti jíjìn, wọ̀n ọ́n. GPS kì í ríran dáadáa lábẹ́ ewé. Nítorí náà ẹ máa lànà lápá kan, ẹ máa fò lápá tó kù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán kí òjìji má gùn. Ọjọ́ tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, kí wọ́n má fò.

Lọ́yàÌgbọ̀nà

Awọnlẹ̀ ti sọ ti ìwọ̀n. Ẹ̀rù tó ń bà mí ju èyí lọ ni orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sórí àwòrán náà. Kó jẹ́ orúkọ ẹbí, kì í ṣe orúkọ ẹni tó sanwó dúróònù. Kí ìwé ìpinnu ẹbí ti wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan náà fọwọ́ sí i. Tí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsọ fún àwọn aṣojú, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pè é lẹ́jọ́. Tí àwọn yòókù bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò fìdí múlẹ̀ rárá. Ẹ má sì yọ àwọn ọmọbìnrin ilé kúrò nínú orúkọ nítorí pé wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Nínú àṣà Yorùbá, ilẹ̀ ẹbí jẹ́ tiwọn pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò ń fi oko hàn, kì í fi onílẹ̀ hàn. Oko tí àlejò dá lórí ìṣákọ́lẹ̀ àti èyí tí ọmọ onílẹ̀ dá, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú kámẹ́rà. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ to ọ̀nà márùn-ún tí a fi ń fìdí ìní ilẹ̀ múlẹ̀: ìtàn bí ilẹ̀ ṣe dé ọwọ́ ẹni, ìwé, ìṣesí onílẹ̀ bíi yíyá ilẹ̀ fúnni àti gbígba ìṣákọ́lẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó fara kàn án. Fọ́tò lè ti ìkẹta àti ìkẹrin lẹ́yìn. Nítorí náà ẹ kọ ìtàn àwọn àgbà sílẹ̀, kí ẹ sì wá orúkọ àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀.

Fọ́tò àtijọ́ náà wúlò. OSGOF, ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ti ìjọba àpapọ̀, ní àwọn fọ́tò tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú láyé àtijọ́. Ẹ má retí kó hàn bíi ti òní o: tó bá jẹ́ 1:40,000, mìlímítà kan lórí rẹ̀ jẹ́ mítà 40. Kò lè fi ààlà hàn, ṣùgbọ́n ó lè fi hàn pé oko ti wà níbẹ̀ nígbà náà.

Kí ẹ tó náwó kankan, kí awọnlẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí àwòrán ìjọba bóyá ìjọba ti gba apá kan ilẹ̀ náà. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, tí ibẹ̀ bá wà nínú agbègbè tí wọ́n kà sí ìgboro, ọ̀dọ̀ gómìnà ni ìwé ti ń wá. Tó bá jẹ́ ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ lè fúnni ní tirẹ̀.

FòÓDáadáa

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fò: ti NCAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, àti èyí tó ń wá láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Tí kò bá ní in, àwọn agbófinró lè gba ẹ̀rọ náà, iṣẹ́ á dúró. Kẹ́ ẹ sì sọ fún gbogbo àwọn tí ẹ jọ pààlà ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹni tó bá kàn rí i lójú ọ̀run máa gbà pé ẹnìkan fẹ́ ta ilẹ̀ òun.

ỌmọÒkèBaálẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ ò ní rẹ̀yìn. Ṣé a lè fi fọ́tò kan náà pín ilẹ̀ láàárín ìdí igi mẹ́rin?

Awọnlẹ̀_Òkèfìà

Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ parí ìwé gbogbo ilẹ̀ ná. Ìpín ní ìwé tirẹ̀ tí lọ́yà máa kọ, nítorí tí ẹ bá ti pín in, kì í ṣe ilẹ̀ gbogbo ẹbí mọ́. Ẹ ní kí wọ́n tẹ fọ́tò náà sórí bébà A1 ní ìwọ̀n 1:1,000, kí sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ mítà 10. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà, kí ẹ yí i kó kọjú síbi tí ilẹ̀ gan-an kọjú sí, kí ẹ kọ́kọ́ fi odò àti ipa ọ̀nà hàn wọ́n. Tí wọ́n bá ti dá ìyẹn mọ̀, àwọn fúnra wọn á máa fi ìka tọ́ka sí ibi tó kù. Bírò aláwọ̀ mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fi sàmì, ọ̀kan fún ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn sì tẹ̀ka sórí bébà yẹn kí wọ́n tó dìde.